Wọ́n Wádìí Olè Lọ́wọ́ Olè

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, Sàlámátù ìyàwó Baba, ìyá tó bí bàbá mi. Mi ò bi í. Ẹ̀wà ló ń ṣà, èmi ń bá a yọ òkúta inú rẹ̀, àfi bó ṣe la ẹnu lójijì: "Ṣé o mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n de bàbá ńlá rẹ wá sí Ọ̀fà yìí?"

Mo ní báwo ni wọ́n ṣe dè é, ṣé ewúrẹ́ ni?

Ó ní, "Ewúrẹ́ sàn. Ẹni tó ra ewúrẹ́ ló ń dè é. Ìjọba ló de bàbá ńlá rẹ, wọn ò sì rà á."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo. Baba wa jalè nígbà èwe rẹ̀, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó jáde, ó sì di èèyàn ńlá ní ìlú kan náà tó ti ṣẹ̀wọ̀n. Títí débẹ̀, kò sí ìjà. Ìjà tó wà ni pé gbogbo ilé wa ló fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, kí àwọn ọmọbìnrin ilé lè rílé ọkọ, kí àwọn ọkùnrin ilé lè lẹ́nu láàárín ẹgbẹ́. Baba nìkan ni kò fẹ́ kó kú. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀ níwájú, á gba ẹ̀yìn hú u. Ẹni tí à ń da aṣọ bò, tó tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ kúrò, kí lẹ máa ṣe fún irú wọn? Ó rẹ Daddy mi. Ó rẹ èmi náà. Baba ti kú báyìí, ó ṣì ń rẹ̀ mí.

Ìyá Àgbà ní òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ibùdó oko kan wà lójú ọ̀nà Òjòkú tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n má baà rójú ìbátan. Rélùwéè ni wọ́n fi ń gbé wọn wá. Òun, ọmọdébìnrin, ń kiri ànàmọ́ sísè ní téṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n kó ti Baba dé. Wọ́n so wọ́n mọ́ra lẹ́sẹ̀ bí adìẹ ọjà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan láti ilẹ̀ Èkìtì, ṣubú, ó sì fa àwọn yòókù lulẹ̀. Gbogbo téṣàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́dà fi kóńdó gbá a nídìí. Ó dìde, ó gbọn eruku, ó wo àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín lọ́tùn-ún lósì, ó ní, "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará Ọ̀fà."

"Ó kí wa o," Ìyá Àgbà ní. "Olè tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kí wa bí ẹni wá kí àna."

Ibùdó yẹn ló ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé, wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè pé kó máa lọ sílé. Kò lọ. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn bíi mélòó kan ni kò lọ. Wọ́n kọ́ ahéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti sin ìjọba, àwọn ará ìlú sì sọ ibẹ̀ ní Abà Ẹlẹ́wọ̀n. Lónìí, ibùdó ti tú, igbó ti bò ó. Ọmọ àwọn ará abà ti di lọ́yà, wọ́n ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ṣèpàdé, wọ́n ní Abà Aláàfíà ni orúkọ ibẹ̀ láti òní lọ. Gbogbo ayé ló gbà. Baba á wọkọ̀ pẹ̀lú àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀, a múra dáadáa, bí a bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, á fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀, á ké sí awakọ̀: "Ẹlẹ́wọ̀n, ó wà o!" Gbogbo èrò á yíjú wò wá. Ilẹ̀ ò kúkú lanu.

Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí kò fi padà sí Èkìtì. Ó ní, "Àwọn tí mo jí ẹrù wọn ló wà lọ́hùn-ún. Àwọn tí mi ò tíì jí tiwọn ló wà níbí."

Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ Ọ̀fà láìsọ ti ànàmọ́. Baba ń jẹ ẹ́ bí ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n tèèpo tèèpo ló fi ń jẹ ẹ́, lóòró, lójú àlejò. Ìyá Àgbà á bó o fún un, á tò ó sínú abọ́ tánganran, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó jẹun bí àwọn Alhaji ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kàn án. Á lọ mú eléèpo nínú ìkòkò. "Nǹkan tí wọ́n fi gbà mí lálejò nìyí. Mi ò ní bọ́ aṣọ lára olóore mi."

Nígbà tó fẹ́ fẹ́ Ìyá Àgbà yìí pàápàá, bàbá ìyá náà wá ẹni tó máa bi léèrè nípa rẹ̀. Ta ló máa bi? Kò ní ẹbí, kò ní ará àdúgbò. Ni bàbá bá gba ọ̀nà ibùdó lọ, ó lọ bá wọ́dà. Wọ́dà ní, "Kò yọ mí lẹ́nu. Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ jù ni." Àgbàlagbà náà padà sílé, ó jókòó, ó sinmi, ó ní, "Sàlámátù, nínú gbogbo àna tí mo ní, tìrẹ nìkan ni ìjọba jẹ́rìí sí."

Ẹ wá wo ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rìn láti Ọwọ́dé títí dé ẹ̀yìn téṣàn, ẹ ò ní ka ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Baba tán. Òun ló kan ti mọ́sálásí àdúgbò wa. Nínú ilé tiẹ̀, ilẹ̀kùn dára, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí àgádágodo, kò sí ohunkóhun tí èèyàn lè fi tì í. Ẹ ò mọ ìyà. Ewúrẹ́ aládùúgbò ń wọlé wá sùn lórí tìmùtìmù. Ẹni tó bá wà nílé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọrin kí wọ́n má já wọlé bá a. Ìdí tí gbogbo wa fi lóhùn nìyẹn. Daddy mi, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Alhaji Tíṣà, lọ ra àgádágodo ńlá kan ní Ìlọrin, ó gbé e wálé tayọ̀tayọ̀, ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, Baba ti tú u, ó ti fi í sí ilẹ̀kùn oníbàárà.

"Baba! Bí olè bá wá wọlé ńkọ́?"

Baba ò gbójú kúrò lára ìfági rẹ̀. "Bó bá wọlé, ẹ pè mí. A máa mọ ara wa."

Daddy ò jẹ́ kó sú òun bọ̀rọ̀. Tíṣà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ṣe. Ó jókòó, ó bá Baba wá ìtàn tó níyì. Ó ní owó orí ni Baba kọ̀ láti san fún òyìnbó, pé ìyẹn ló gbé e dẹ́wọ̀n. Ìtàn náà dùn. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí. Kò pẹ́, olùkọ́ wa kó gbogbo kíláàsì wá sílé kí wọ́n wá fojú rí akọni. Wọ́n tò síwájú búkà iṣẹ́ Baba, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Baba, a gbọ́ pé ẹ bá òyìnbó jà, sà."

"Èmi? Òyìnbó wo?"

"Lórí owó orí, sà."

"Háà, mo san owó orí mi. Kòkó ni mo jí. Kòkó àbúrò bàbá mi ni. Ó ti gbẹ dáadáa."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè bíi pé ó wà ní kíláàsì. "Baba, èló lẹ tà á?"

"Ibo ni mo ti rí i tà? Wọ́n mú mi kí n tó dé ọjà."

Olùkọ́ ní ká máa lọ. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ mí ní Kòkó, orúkọ náà sì bá mi dé girama. Nígbà tí Daddy gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, "Baba, irọ́ yẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí ló ṣe yín?" Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí Baba tó bínú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe ẹ̀wọ̀n mi. Ẹ má gbé e fún akọni kan tí mi ò mọ̀ rí."

Ẹ má rò pé ó gba ìwọ̀sí o. Nígbà tí mọ́sálásí fẹ́ fi í joyè Baba Àdínì, Alhaji kan tó ń ta irin, tó ti ń fojú sí oyè náà tipẹ́, dìde láàárín ìjọ. Ó ní, "Jàmáà, ṣé orí ẹlẹ́wọ̀n la fẹ́ wé láwàní sí?" Ìmáámù ò mọ ibi tó máa wò. Àwa tẹrí ba. Baba dìde, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ lo sọ, Alhaji. Èmi ti ṣe tèmi tán. Tìrẹ ńkọ́, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wé láwàní fún un. Onírin gan-an rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá débi tó dùn mí.

Rísìkátù àbúrò mi rí ọkọ. Wàhábì lorúkọ ọmọkùnrin náà, ará Ìlémọ̀nà, òṣìṣẹ́ ìjọba, ó mọ́ra, ó ń kírun. Rísì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ rán èèyàn wá wádìí. Oníwàádìí kì í sọ pé ìwádìí lòun bá wá. Á ní òun ń wá ilé ẹnì kan, á ní òun fẹ́ rajà, á wá rọra máa bèèrè: ṣé kò sí wèrè nílé wọn, ṣé kò sí àrùn ìdílé, ṣé wọn ò jalè rí, ṣé wọn ò dé ẹ̀wọ̀n rí.

Daddy ti rìn yí àdúgbò ká ṣáájú wọn. Ó kí alápatà, ó kí fọkanáísà, ó kí Alhaja tó ń ta sìmẹ́ǹtì. "Ẹ jọ̀ọ́ o, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ọmọ Ọ̀fà ni Baba láti ìran dé ìran. Ẹ rántí Rísì." Gbogbo wọn gbà. Wọ́n fẹ́ràn Baba, wọ́n fẹ́ràn Rísì. Ẹnì kan ṣoṣo tí Daddy ò bẹ̀ ni Baba. Ta ló sì máa lọ wádìí èèyàn lọ́wọ́ èèyàn ọ̀hún?

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n lọ.

Àbúrò bàbá Wàhábì ni, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìkóríta, wọ́n rí bàbá arúgbó kan nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun igi lórí, tó ń fá pákó. Baba fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ nígbà tí àṣírí ti tú, kò tilẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní wọ́n ní ilẹ̀kùn làwọn fẹ́ rà, ṣùgbọ́n òun ti mọ̀ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀kùn á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, àwọn wọ̀nyí ò tilẹ̀ wo ilẹ̀kùn.

"Baba, ilé Alhaji Tíṣà tó wà lókè yẹn, irú èèyàn wo ni wọ́n?"

"Tíṣà? Èèyàn dáadáa ni. Irọ́ díẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀."

"Bàbá tó bí i lọ́mọ ńkọ́?"

"Yéè. Ìyẹn, olè ni."

Obìnrin náà di àyà mú. "Olè kẹ̀, Baba?"

"Kòkó ló jí, lÉkìtì. Wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi rélùwéè gbé e wá. Ọ̀nà Òjòkú níbí ló ti ṣẹ̀wọ̀n."

"Ṣé ó ti ronú pìwà dà ṣá?"

"Ó ń gbìyànjú. Ó ti darúgbó, kò lè gbé àpò kòkó mọ́."

"Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ńkọ́, Rísìkátù?"

"Wúrà ni ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e ní ti gbẹ̀gìrì."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá lọ sọ́dọ̀ alápatà, wọ́n bi fọkanáísà, wọ́n bi Alhaja. Gbogbo wọn búra. Ọmọ Ọ̀fà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: ará Ìlémọ̀nà gba ọ̀pọ̀ gbọ́. Wọ́n rán alárinà sí wa pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ, ṣùgbọ́n kí Alhaji Tíṣà ṣọ́ra. "Bàbá káfíńtà kan ń bẹ ní ìkóríta yín tí inú rẹ̀ burú. Ọ̀tá yín ni. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn aládùúgbò yín."

Daddy yíjú sí Baba, tí ń fọwọ́ nu abọ́ ẹ̀bà. "Baba, ẹ̀yin ni?"

"Wọ́n bi mí ni."

"Wọ́n bi yín, ẹ sì dáhùn!"

"Tíṣà, kí lo fi ń kọ́ àwọn ọmọ? Bí wọ́n bá bi èèyàn, ṣé kì í dáhùn?"

Nígbà tí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kù fẹ́ẹ́rẹ́, ìpàdé ilé ò tán. Bí wọ́n bá rí Baba, ó parí. Bùrọ̀dá Lásísì, àbúrò Daddy, ní, "Ẹ jẹ́ ká tì í mọ́ yàrá." Gbogbo wa wo àwọn ilẹ̀kùn, a sì wo ara wa. Rísì ló wọlé tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀. "Baba, torí tèmi. Mi ò ní kí ẹ parọ́. Ẹ ṣáà jókòó sí yàrá, ẹ má jáde." Baba nawọ́ gbé e dìde. Ó ní, "Ó dáa."

Mo ní láti jẹ́rìí fún un: kò jáde. Àwọn àna dé, wọ́n gbé iṣu, wọ́n gbé èso, ẹ̀rín kún pálọ̀. Wọ́n wá ní àwọn ò lè tọrọ ọmọ láìkí baba ńlá rẹ̀. Daddy ní ara Baba ò yá. Ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn, onínúure, dìde. "Ẹ jẹ́ n lọ kí wọn lórí ibùsùn." Kí a tó pariwo, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ó figbe ta. "Alhaji Tíṣà! Ọ̀tá yín ti wọlé!"

A gbọ́ ohùn Baba láti inú: "Ẹ fara balẹ̀, ìyá. Ilé mi ni."

Àbúrò bàbá Wàhábì dìde, ó lọ wò ó, ó padà wá jókòó. Kò pariwo. Ó ní, "Alhaji, kòkó àtijọ́ ò kàn wá. Kò sílé tí kò ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò yìí ló wo ojú wa tó parọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá wa sòótọ́ ní Ọ̀fà ni olè, òun lẹ sì fi pamọ́ sí yàrá." Wọ́n gbé iṣu wọn. Wàhábì ṣì ń pe Rísì fúngbà díẹ̀, kò pè mọ́.

Rísì ò bá Baba sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á yísẹ̀ padà. Ó pẹ́ kí Baba tó pè é. Gbogbo wa retí kó tọrọ àforíjì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Mo tún wọ ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ yẹn nítorí rẹ, ọmọ mi. Kò kàn gbè ọ́ ni." Ìgbà yẹn ni Rísì sunkún, ó sì jókòó tì í. Èmi ò jókòó. Inú ń bí mi. Rísì padà rí ọkọ, télọ̀ kan lÓjòkú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún un pé bàbá ńlá òun jí kòkó, bó bá fẹ́ sá, ọ̀nà rèé. Télọ̀ ní, "Ṣé kòkó náà ṣì kù?"

Oṣù yìí ni Baba lọ, lójú oorun, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èrò tó wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ kún dé títì. Daddy, tó ti di arúgbó báyìí, ti bá Alfa sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Alfa gbé ohùn sókè: "Ọmọ bíbí Ọ̀fà, ẹni tí kò fọwọ́ kan ohun olóhun rí. Ọlọ́run, nítorí mímọ́ ọwọ́ rẹ̀, fi alijánnà kẹ́ ẹ."

Kí a tó ṣe àmín, Rísì dìde láàárín àwọn obìnrin. "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Baba jalè."

Daddy ní, "Rísì, jókòó." Àwọn ará ilé ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi Àmídá jókòó lórí àga iwájú, wọ́n ń gbọ́. Alfa sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wá ọgbọ́n dá: ó ní kí ilé lọ fẹnu kò, pé ogójì ọjọ́ ṣì ń bọ̀, pé ohun tí ilé bá ní kí òun sọ nígbà náà lòun máa sọ.

Ilé ò fẹnu kò. Daddy ní bí wọ́n bá pe bàbá òun lólè lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òun ò ní wá. Rísì ní bí wọ́n bá pè é lẹ́ni tí kò jalè rí, òun ò ní ṣe àmín. Àmídá kàn ń wò mí. Wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ àgbà ọmọ-ọmọ ni kí n lọ sọ fún Alfa. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ lọ bá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fetí sí mi látàárọ̀, ẹ má dákẹ́ sí mi: ká ní ẹ̀yin ni wọ́n rán, èwo lẹ máa ní kí Alfa sọ?